Igi Tí Ìjì Dá Sí

Bí ìjì náà ṣe lọ tán báyìí, gbogbo àdúgbò ló di ọ̀jọ̀gbọ́n igi. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbòǹgbò àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí náà ń nàka sókè, ó ní èyí dáa, tọ̀hún ò dáa. Agbọ́tigi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Igi ńlá kan wó dábùú títì. Wọ́n ṣù bò ó, wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn kan tiẹ̀ gun orí ẹ̀ kí wọ́n lè hàn dáadáa. Òpè! Igi tó ti wó ti parí ìjà tiẹ̀, kò lè pa ẹnì kankan mọ́. Èyí tó yẹ kéèyàn máa sá fún ni èyí tó ṣì dúró, tí ewé ẹ̀ ṣì ń dán, tí ìjì ti ṣe báṣubàṣu nínú, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni kó tiẹ̀ sọ ọ́ fún? Àwọn wọ̀nyí? Wọn ò rí èyí tó wà nílẹ̀ gbalaja, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí èyí tó fara pamọ́?

Wọ́n ń pè é ní Agbọ́tigi nítorí òòlù onígi kan tó máa ń fi gbá ara igi. Á gbá a, á tẹ etí lé e, á sì sọ fún onílé bóyá inú igi náà ti ṣófo. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ìjì, ó dúró ní iwájú ilé màmá arúgbó kan tó ń gbé ní igun òpópónà wọn.

"Igi tèmi ò ṣe nǹkan kan o, ọmọ mi," ni màmá wí. "Ẹ̀ka ẹyọ kan ò já. Wo bí ewé ẹ̀ ṣe tutù yọ̀yọ̀."

"Màmá, ewé ò mọ nǹkan kan. Ìròyìn gbòǹgbò máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ewé."

Ó kúnlẹ̀ sídìí igi náà, ní ìhà ibi tí ìjì ti fẹ́ wá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni á ti bẹ̀rẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀yìn ló ń di ilẹ̀ mú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti igi síwájú. Ó fọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò. Ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ti là, ó là lọ ní ròbótó bí etí abọ́. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ìka náà wọlé tán. Ó dìde, ó nàka sí ibi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti pínyà, níbi tí ilà tín-ín-rín kan wà tí omi igi ń sun jáde lára ẹ̀. Ó yí sí òdìkejì, ó fi hàn án bí èèpo igi ṣe ká jọ síbẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tó já wálẹ̀.

"Ṣé ẹ rí eyín ọmọdé tó ń mì? Kò tíì yọ, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú iṣẹ́. Bí igi yín ṣe wà nìyẹn."

"Ìjì tó le tó yẹn ò wó o, kí ló tún fẹ́ wó o?"

"Afẹ́fẹ́ lásán ni, màmá. Afẹ́fẹ́ tó ń mú aṣọ gbẹ."

"Háà! Olúwa má jẹ́ ẹ!"

"Olúwa ò ní bá yín gé e. Ẹ wá agégi."

Bó ṣe máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tó bá tú àṣírí igi ẹ fún ẹ tán, wàá fẹ́ dúpẹ́, wàá sì fẹ́ fọ́ ọ létí. Kò síbi tó dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà tí kò ti bú onílé. Ó pe olórí ilé ẹ̀kọ́ kan ní afọ́jú tó wọ awò. Ó sọ fún ọlọ́jà kan pé bí orí ẹ̀ bá le tó igi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni, kó máa jókòó síbẹ̀ lọ.

Ẹni tó wá ń bí i nínú ju gbogbo wọn lọ ni Ọ̀bẹ-Ò-Mú. Agbọ́tigi fúnra ẹ̀ ló sọ ọkùnrin náà lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi. Agégi ni Ọ̀bẹ-Ò-Mú náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá kan tó kọ́ ọ. Ilé ló ń kùn tẹ́lẹ̀. Ó ra okùn àti ayùn ńlá lọ́jọ́ kan, ló bá di agégi. Kò ní òòlù. Irin gbọọrọ kan ló ń gbé kiri, tó fi ń gún ilẹ̀ nídìí igi onígi. Bí Agbọ́tigi bá ti rí i lókèèrè báyìí, á pòṣé, á ní, "Ẹ wò ó, ó tún ti ń wá ibi tí wọ́n ri owó mọ́."

Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán, á darí sílé, níbi tí igi tiẹ̀ ti ń dúró dè é. Bàbá ẹ̀ ló gbìn ín. Ó ga, ó gbòòrò, ó na apá lé orí yàrá kékeré tí ìyàwó ẹ̀ ti ń ránṣọ níwájú ilé. Igi yẹn ni pátákó ìpolówó iṣẹ́ Agbọ́tigi. Oníbàárà tó bá ń ṣiyèméjì, á fà á lọ́wọ́ wá sílé, á ní, "Gbójú sókè. Ọwọ́ mi nìyẹn." Ìjì tó wó igi káàkiri àdúgbò ò já ewé mẹ́wàá lára ẹ̀. Ó sọ ọ́ títí ó fi di orin: ìjì pàápàá mọ ilé ẹni tó yẹ kó yà fún. Ẹ kúkú mọ irú wọn, àwọn tó mọ àlébù gbogbo ilé àfi tiwọn.

Aránṣọ, ìyàwó ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọkọ ẹ̀ gbọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ilẹ̀kùn yàrá mi ò padé mọ́ o. Látọjọ́ ìjì yẹn ló ti ń há."

"Òjò ló wọ pákó lára. Pákó máa ń wú. Pe káfíńtà."

"Igun òkè ló ti ń há. Ó dà bíi pé férémù ni ò gún mọ́. Ògiri tó kọjú sí igi sì ti lanu."

"Ìwọ náà ti di bíríkìlà?"

Ká ní ilé ẹlòmíì ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin náà ò ní tíì sọ ọ́ tán tí orúnkún Agbọ́tigi á ti kanlẹ̀. Ògiri kì í dédé yí. Bí igi bá ti tẹ̀ síwájú, bó tiẹ̀ ṣe ìwọ̀n ìka kan, gbòǹgbò iwájú á máa ti ohun tó bá wà níbẹ̀. Àyà ẹ̀ já. Ó já pàà! Ohun tó ń kọ́ gbogbo ayé ni wọ́n ń sọ fún un yìí. Ṣùgbọ́n bí àyà ṣe já náà ló rántí Ọ̀bẹ-Ò-Mú àti ẹ̀rín tí ọkùnrin yẹn máa rín. Ó rántí olórí ilé ẹ̀kọ́. Ó rántí gbogbo ẹni tó ti bú.

Ló bá mú òòlù, ó lọ gbá ara igi náà, kó, kó, kó.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Igi yìí le ju èmi tí mò ń gbá a lọ."

Òótọ́ ni, ara igi le. Ta ló ní ara ló ń dùn ún? Òòlù kì í sọ ti gbòǹgbò, Agbọ́tigi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹsẹ̀ ló ń dun aláìsàn, ó ń gbá a láyà, ó ní àyà ń dún dáadáa. Kò kúnlẹ̀. Ìhà ibi tí ìjì ti fẹ́ wá, níbi tó to ìtí igi gígé jọ sí lẹ́yìn igi náà, kò débẹ̀ rárá.

"Ẹ sáà bá mi wo ìdí ẹ̀," ni Aránṣọ wí. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù? Ìyàwó Agbọ́tigi ló ń bẹ̀rù igi! Kí n tún gbọ́ òmíì."

"Ẹ jẹ́ kí n kó maṣíìnì mi sí pálọ̀ fúngbà díẹ̀ nígbà náà."

"Kí n wá sọ kí ni fáwọn tó ń kọjá? Pé ìwọ alára ń sá fún igi mi? Lọ jókòó sídìí iṣẹ́ ẹ, jàre."

Obìnrin náà lọ jókòó. Ó kẹ́yìn sí ògiri tó lanu, ó ń wa maṣíìnì. Bí ẹ̀ka bá ti mì lókè, á dáwọ́ dúró, á tẹ́tí, á tún máa wà á lọ. Agbọ́tigi máa ń rí i láti ojú fèrèsé pálọ̀, á sì yíjú kúrò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn láyé yìí tó obìnrin yẹn, èmi náà ò ní jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹnu ara ẹ̀ jù ú lọ.

Káfíńtà dé, ó fá igun ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn padé. Kò pẹ́ tó tún há. Káfíńtà padà wá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ògiri, ó gbójú sókè wo igi, ó sì kó irinṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò láìfá nǹkan kan.

"Ọ̀gá, bí mo bá tún fá ilẹ̀kùn yìí, ìta lẹ máa dúró sí tẹ́ẹ máa wo gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀kùn. Nǹkan kan ló ń ti ògiri yìí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

"Ìwọ tó ò ń fá pákó lo fẹ́ kọ́ mi ní ti igi?"

"Igi náà kúkú ni pákó tẹ́lẹ̀, ọ̀gá."

Agbọ́tigi lé e jáde. Ó pè é ní onípákó jíjẹrà, ó ní àwọn tí kò gun àkàbà kọjá ìdajì náà ń sọ̀rọ̀ igi. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ káfíńtà wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ń ṣú bọ̀, Agbọ́tigi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá èèyàn lójú ilé ẹ̀. Màmá igun òpópónà wà níbẹ̀, àwọn ará ilé kejì wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé díẹ̀ lára ìtí igi ẹ̀yìn kúrò. Ta ló kúnlẹ̀ síbẹ̀, tó ti irin gbọọrọ bọ ilẹ̀? Ọ̀bẹ-Ò-Mú ni!

Ojú Agbọ́tigi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Ta ló ní kí ẹranko yìí wọ ilé mi?"

"Ẹ máa bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Ọ̀bẹ-Ò-Mú wí, ó dìde, ó ń gbọn erùpẹ̀ orúnkún ẹ̀ dànù. "Ìyàwó yín ló ránṣẹ́ pè mí. Irin mi wọlé tán síbí láìfi agbára tì í. Ilẹ̀ ti gbé sókè, abẹ́ ẹ̀ ti ṣófo. Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó."

"Kí n wá wo kí ni? Ìwọ tó o fi búrọ́ọ̀ṣì kọ́ iṣẹ́ igi! Ìgbà tí bàbá mi ń gbin igi yìí, ibo lo wà? Kó irin ẹ kúrò níbẹ̀ kí n tó fi là ẹ́ lórí!"

Ó kàn ń pariwo ni. Ibi tí irin dúró sí, kò bojú wò ó. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ewé lókè. Aránṣọ ti inú àwọn èèyàn bọ́ síwájú.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ní kò sí nǹkan. Afẹ́fẹ́ ló ń bọ̀ yìí. Ẹ wọlé, kẹ́ẹ jókòó sórí àga mi títí á fi fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ bá jáde láyọ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ igi mọ́ láyé mi."

"Ọmọ mi, má wọlé o!" ni màmá ké. "Ìwọ lo sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ tó ń mú aṣọ gbẹ ti tó!"

Kí ni ọlọ́gbọ́n máa ṣe? Kí ló tún kù tí ọlọ́gbọ́n máa ṣe? Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára Agbọ́tigi, Ọ̀bẹ-Ò-Mú sì wà láàárín wọn. Ó pòṣé sí gbogbo wọn, ó wọ yàrá náà, ó fipá ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀.

Ó jókòó sórí àga kékeré tó wà nídìí maṣíìnì, ó kẹ́yìn sí ògiri bí ìyàwó ẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ tí òun fúnra ẹ̀ fi yí àga kọjú sí ògiri. Ilà tó wà lára ògiri ṣí, ó padé, ó tún ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ń wò ó, òógùn bò ó. Ibí ni obìnrin náà máa ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, kò tiẹ̀ ríran sẹ́yìn! Nǹkan kan dún lábẹ́ ilẹ̀, gbòò. Ó mọ ohùn yẹn bó ṣe mọ ohùn ara ẹ̀. Gbòǹgbò ló já. Òmíì tún já tẹ̀ lé e.

Ó fò mọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ti há gbágbá. Ó fà á, ó gbá a, ó fi èjìká tì í. Kò pe ìyàwó ẹ̀, kò tiẹ̀ pe Ọlọ́run.

"Ọ̀bẹ-Ò-Mú! Ọ̀bẹ-Ò-Mú, gbà mí o!"

Orúkọ tó mọ ọkùnrin náà sí nìyẹn. Ọ̀bẹ-Ò-Mú ti wà lójú fèrèsé kó tó pè é. Ó na apá wọlé, ó gbá a mú ní bàǹtẹ́ ṣòkòtò, ó fà á jáde tipátipá. Ṣòkòtò ya láti ìdí dé orúnkún. Àwọn méjèèjì ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n sá. Igi náà ò ṣẹ́, kò sì sáré. Ó kàn rọra ń dùbúlẹ̀ bí àgbàlagbà tí iṣẹ́ ti sú, ó wá fi yàrá náà ṣe ìrọ̀rí. Páànù, ògiri, maṣíìnì, gbogbo ẹ̀ wọlẹ̀ papọ̀.

Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, wọ́n ka ara wọn, kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹnì kan wo ìdí ṣòkòtò Agbọ́tigi, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ!" Ẹ̀rín sọ. Àwọn tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà máa ń rẹ́rìn-ín burúkú.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín ni, bóyá ì bá pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ yẹn nìkan. Ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú lẹ́yìn, ó rìn lọ sídìí igi, níbi tí gbòǹgbò ti dojú sókè tòun ti erùpẹ̀.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ mọ̀? Ẹ rò pé afẹ́fẹ́ òní ló wó o? Aláìmọ̀kan ni gbogbo yín. Ẹ sún mọ́bí, kẹ́ẹ fi ojú yín kẹ́kọ̀ọ́." Ó di ojú gbòǹgbò kan mú. "Èyí tó funfun yìí, tó ṣì tutù, òní ló já. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ti ẹ̀yìn wọ̀nyí. Ojú ibi tí wọ́n ti já ti dúdú, ó ti gbẹ, ó tiẹ̀ ti ń bu. Ọjọ́ ìjì yẹn gan-an ni wọ́n ti já. Látọjọ́ náà, ìwọ̀nba gbòǹgbò díẹ̀ ló gbé igi yìí dúró. Ògiri tó yí, ilẹ̀kùn tó há, àmì ẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Ọmọdé tó bá kúnlẹ̀ síbí lọ́jọ́ kejì ìjì á ti rí i!"

Ó wo ojú wọn bóyá ó ti yé wọn. Ó yé wọn. Ẹ̀rín ti dá. Ọ̀bẹ-Ò-Mú wolẹ̀, bí ẹni pé òun lojú ń tì.

Aránṣọ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àlàpà yàrá ẹ̀. Eruku bò ó lórí.

"Kí ló dé tẹ́ẹ ò fi kúnlẹ̀?"

Agbọ́tigi wo gbogbo ojú tó yí i ká. Ó wá ẹni tó máa bú, kò rí.

"Ṣé ẹ mọ̀?" ni ìyàwó ẹ̀ tún bi í. "Lọ́jọ́ tí mo sọ ti ilẹ̀kùn, ṣé ẹ mọ̀?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà wà lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò dúdú náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo ayé sì ti gbọ́ ohun tó sọ.

"Ojú ló ń tì mí," ló wí.

Aránṣọ wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ọkọ ẹ̀ náà ṣe máa ń wo gbogbo èèyàn. Kò pariwo.

"Èmi ni mo wà lábẹ́ ẹ̀. Ojú ló ń tì ọ́."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yíjú sí Ọ̀bẹ-Ò-Mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ń gé igi náà, tó bá rí sísọ́ọ̀sì òun nínú àlàpà yẹn, kó jọ̀ọ́ kó bá òun gbé e wá sílé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, torí ibẹ̀ lòun ń lọ.